Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Olórin, Oníbodè àti Ẹsẹ̀ Wa

Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan, tí ọ̀kan ní báyìí ni, tí èkejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àgbà tó wà níjókòó lè fi gbólóhùn kan parí ìjà náà: ọ̀nà kan ò wọ ọjà. A tún máa ń pa á fún ẹni tí ohun tó dáwọ́ lé kò bọ́ sí i, kó lè mọ̀ pé ibi tó gbà ló dí, wọ́n ṣì ń ná ọjà. Ìlò méjèèjì dára. Síbẹ̀, mo rò pé a ti fi òwe yìí tu ara wa nínú títí tí a kò fi gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́, tó wá dà bí ẹni pé kò ju "ṣe é bó ṣe wù ọ́" lọ. Òwe náà dárúkọ ọjà. Ì bá ti sọ pé ọ̀nà kan ò wọ oko, tàbí pé ọ̀nà kan ò wọ odò, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo lè wọ oko bàbá ẹni, oko náà á sì máa jẹ́ oko lọ. Ọjà ni kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wọ̀, tí ẹnì kan sì dúró sẹ́nu rẹ̀, àgbàlá ẹni yẹn ni, bó ti wù kí èrò inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí mo ṣe gbọ́ òwe náà nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ fi wo bí orin ṣe ń dé etí wa lónìí, láti inú fóònù àti àwọn ìkànnì ayélujára tí gbogbo wa kóra jọ sí.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń tẹ ìlú dó mọ̀ pé iwájú ààfin ni ọjà ọba sábà máa ń wà, láti ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti ń ya lọ sí ẹnubodè gbogbo. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ní oníbodè tirẹ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ aláàárù àti alájàpá. Oníbodè kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ìlú ń fẹ́ owó, ọ̀nà ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ohun tó ń mú kí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni pé alájàpá mọ ẹnubodè mìíràn tó lè gbà. Ìtàn Ìbàdàn kọ́ wa ní èyí kedere. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín Ìbàdàn àti etí òkun. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà pa, iyọ̀ á wọ́n, ìbọn àti ẹ̀tù á wọ́n, ìlú tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ogun rẹ̀ á wá máa wo ojú aládùúgbò. Ní nǹkan bí ọdún 1872 ni John Glover, gómìnà Èkó nígbà náà, ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá. Ọ̀nà náà jìn, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wà, ẹni tó bá ti ọ̀nà Ẹ̀gbá pa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀fun Ìbàdàn lòun dì mú mọ́. Iṣẹ́ tí ọ̀nà kejì ń ṣe nìyẹn. Ó ń dáàbò bo ẹni tí kò gba ibẹ̀ pàápàá, nítorí ó ń mú kí oníbodè ọ̀nà àkọ́kọ́ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Orin Yorùbá náà ti pàdé oníbodè tipẹ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Láti ìgbà náà ni ohùn olórin wa ti ń la ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sì ń sọ iye tí olórin máa gbà. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bí àwọn kan ṣe rí ọ̀nà yọ. Ní ọdún 1969, Haruna Ishola, ọba àpàlà, àti I.K. Dairo, ògbóǹtarìgì oníjùjú, da owó pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Star sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Sunny Adé bá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde fa ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, lẹ́yìn náà ló dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ló fún wọn láyà? Àwo nìkan kọ́ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń lọ òde: ìsìnkú, ìkómọjáde, ìwúyè, ìṣílé, láti alẹ́ Sátidé títí ilẹ̀ á fi mọ́, owó tí àwọn olóde sì ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú kì í gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ àwo kankan. Ẹni tó ń jẹun lóde lè bá oníbodè ṣẹjọ́, ebi kò sì ní lé e padà. Èmi kò rò pé ọgbọ́n òwò lásán ni ká pe èyí. Òmìnira ni, orí ọ̀nà kejì ló sì dúró lé.

Ẹnìkan lè dá mi dúró níhìn-ín pé ayélujára gan-an ló mú òwe náà ṣẹ. Ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà kékeré àti gbohùngbohùn nínú yàrá kan lè ṣe orin lónìí kí wọ́n sì gbọ́ ọ ní Brazil lọ́la, láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. CKay, ọmọ Nàìjíríà, gbé orin "Love Nwantiti" jáde ní ọdún 2019. Ní ọdún 2021 ni àwọn tó ń jó lórí TikTok gbé e yí ayé po, láàárín àwọn tí wọn kò gbọ́ ọ̀kankan nínú èdè tó fi kọ ọ́. Ìràpadà ńlá ni èyí, ẹni tó bá sì rántí bí ọ̀dọ́ olórin ṣe ń fi kásẹ́ẹ̀tì há abíyá kiri ọ́fíìsì àwọn olówó ní Èkó kò ní fojú kékeré wò ó. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká má ṣe ka ilẹ̀kùn kí a pè é ní ọ̀nà. Ilé kan lè ní ọgọ́rùn-ún ilẹ̀kùn kó jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ṣí sí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni ìṣirò inú ẹ̀rọ tó ń yan ohun tí olúkúlùkù máa rí. Nígbà tí àwọn ìkànnì yìí bẹ̀rẹ̀, ẹni tí o bá tẹ̀ lé ni o ń gbúròó rẹ̀. Lónìí, ìkànnì ló ń pinnu èyí tí yóò fi hàn ọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí o tẹ̀ lé àti ti àwọn tí o kò tẹ̀ lé, ohun tó sì ń fi díwọ̀n rẹ̀ ni bí ojú rẹ yóò ṣe pẹ́ tó lórí fóònù. Olórin tó fi ọdún mẹ́wàá kó olólùfẹ́ jọ síbẹ̀, bó bá fẹ́ kéde fún wọn pé òun ń ṣeré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ìkéde náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi bó bá sanwó. Owó oníbodè ni, a sì ń san án kí a tó lè bá àwọn àlejò tí àwa fúnra wa pè wá sọ̀rọ̀. Kíkúrò lórí Facebook bọ́ sí Instagram, tàbí sí WhatsApp, kò mú ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ òrùlé náà, nítorí Meta ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ọ̀nà bá di ẹyọ kan, ìjà tí kì í ṣe tìrẹ lè tì í mọ́ ọ. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2024, àdéhùn láàárín TikTok àti Universal Music Group, ilé-iṣẹ́ orin tó tóbi jù láyé, dópin láìsí òmíràn. Orin àwọn tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀, fídíò tí àwọn èèyàn ti ṣe tẹ́lẹ̀ sì yadi. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó parí ìjà. Ìjọba náà lè tì í: láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ìjọba Nàìjíríà fi ti Twitter pa, olórin tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ sì di ẹni tí ń juwọ́ nínú òkùnkùn. Ẹni tó ni ọ̀nà sì lè yí òfin padà láìbi ẹnikẹ́ni tó ń rìn ín. Láti ọdún 2024, lórí Spotify, orin tí wọn kò gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín oṣù méjìlá kò ní owó kankan láti gbà. Owó rẹ̀ kò ju ẹyọ lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ alátẹ kékeré mọ̀ pé ẹyọ la fi ń ka ọgọ́rùn-ún.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni ti MySpace. Ìkànnì yẹn ni ojúde ńlá fún olórin nígbà kan. Ní ọdún 2019 ni ayé gbọ́ pé, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, gbogbo orin tí àwọn èèyàn ti gbé síbẹ̀ ṣáájú ọdún 2016 ti ṣègbé. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní ó ju mílíọ̀nù 50 orin lọ. Nǹkan bí 490,000 ló tún yọjú ní ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní Internet Archive, nítorí pé àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí ti ṣe ẹ̀dà wọn tẹ́lẹ̀. Èyí kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ìyókù kò tọ́jú ẹ̀dà sílé, wọ́n rò pé ọjà ni ilé.

Owó àti ewu nìkan sì kọ́. Ọ̀nà ń yí ẹrù tó ń gbà á kọjá padà. Àwo àtijọ́ tó ń yí ní 78 kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, orin sì ń gé ara rẹ̀ kúrú kó lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Ebenezer Obey àti Sunny Adé na ẹsẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi orin kan kún ojú àwo, ìkan ń wọnú ìkan bí ó ti ń rí lóde. Nínú irú ààyè bẹ́ẹ̀, gìtá lè kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wérọ̀ fúngbà díẹ̀ kí ohùn tó dé. Gángan lè ki ẹnì kan láti orí dé orílẹ̀, kó pa òwe, kí elégbè gbà á, kó tún padà wá parí òwe náà. Oríkì kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú kì. Wàyí o, lórí Spotify, bí èèyàn bá ti gbọ́ orin dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n ti kà á ní ìgbà kan, orin ìṣẹ́jú méjìdínlógún kò sì ju ìgbà kan náà lọ. Ẹni tó fi wákàtí kan gbọ́ orin oníṣẹ́jú méjì-méjì ti kà tó ọgbọ̀n. Ẹni tó fi wákàtí kan náà gbọ́ jùjú gígùn bẹ́ẹ̀ kò ka ju mẹ́rin lọ. Kò sí ẹni tó ṣòfin pé kí gángan dákẹ́. Ìṣirò ló sọ fún un pé àkókò tó ń lò kò lówó lórí, TikTok sì tún fi kún un pé ègé tí àwọn èèyàn lè jó sí ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kó ṣáájú.

Mi ò sọ pé orin kúkúrú burú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni I.K. Dairo lò tí wọ́n fi fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà ayé Dairo, ẹni tó ṣe orin kúkúrú sínú àwo ṣì ní òde níbi tó ti lè fi òru gbogbo kọrin, ọ̀nà méjèèjì sì ń bọ́ ara wọn. Bí ó bá ku ọ̀nà kan, ohun tí kò lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá kò ní sí mọ́. Àwọn tó ń kọ́ ìlù lọ́wọ́ báyìí yóò rò pé bí orin ṣe rí láti ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn.

Àtakò kan tún wà tí mi ò gbọdọ̀ fò dá. Wọ́n á ní oníbodè àtijọ́ burú jù èyí lọ: ilé-iṣẹ́ àwo ń rẹ́ olórin jẹ, àwọn kan nílé rédíò ń gba owó ẹ̀yìn, ayédèrú àwo kún ọjà Alaba. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní sunkún pé kí ayé ìgbà náà padà. Ṣùgbọ́n oníbodè ìgbà náà pọ̀, wọn kì í sì í bá ara wọn mulẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ kan lé jáde lè lọ bá èkejì. Orin Fela tí rédíò ìjọba kò fẹ́ kó dún, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àwo ní òpópónà ń lù ú, ọkọ̀ akérò ń lù ú, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n lórí. Ọ̀pọ̀ oníbodè tó níkà nínú ṣì fi àyè sílẹ̀ ju oníbodè kan ṣoṣo tó níwà tútù lọ, nítorí pé ìwà lè yí padà lóru ọjọ́ kan.

Àtakò tó wúwo jù ni èyí tó ní èrò ló yan ibẹ̀. Kò sí ẹni tó fi kùmọ̀ lé wa wọ TikTok tàbí Spotify. Ọ̀nà tó dán ni a gbà, a sì fi èyí tó kún fún òkúta sílẹ̀. Ta ni yóò wá bínú sí ọ̀nà tó dán? Èmi kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni òwe náà ti yí ojú kúrò lára oníbodè tó ń wo ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kì í ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Ẹsẹ̀ ló ń lànà, ẹsẹ̀ náà ló ń dá a sí. Bí àwọn èèyàn bá ṣíwọ́ láti máa gba ibì kan, láàárín òjò méjì igbó ti bò ó, kò sì sí ẹni tí a lè mú pé òun ló tì í. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìlú fi máa ń dá ọjọ́ láti jáde lọ yẹ ọ̀nà, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan á mú àdá àti ọkọ́, tó fi mọ́ ẹni tí kì í gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Bí òótọ́ bá ni pé ọjà kò lè jẹ́ ọjà láìní ọ̀nà púpọ̀, a jẹ́ pé gbèsè kan wà lọ́rùn gbogbo ẹni tó ń jẹ èrè ọjà: kó máa tẹ ọ̀nà kejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ rọrùn fún un. Olùgbọ́ náà jẹ gbèsè yìí, bóyá ju olórin lọ, torí pé ẹsẹ̀ olùgbọ́ ló pọ̀.

A kò ní láti sá kúrò lójú ọ̀nà ńlá ká tó san gbèsè yìí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ tí a bá ní kó kúrò lórí TikTok, ìyà la fi jẹ ẹ́. Kó máa lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kó ní ojú òpó tó jẹ́ tirẹ̀, kó sì gba nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí kò sí ìkànnì tó lè dúró láàárín òun àti ìwé yẹn. Ẹni tó ń gbọ́ lè ra orin tó wù ú gan-an, kó sì fi í pamọ́ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, dípò kó máa yá a gbọ́ lóṣooṣù. Ó lè lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré, kó sanwó ẹnu ọ̀nà. Bandcamp, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, jẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: èèyàn ń ra orin lọ́wọ́ olórin, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó orin inú ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń yọ. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kò yọ nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n tà á fún Epic Games ní 2022, ìyẹn tún tà á fún Songtradr ní 2023, nǹkan bí ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́. Kò yẹ kí ìyẹn mú wa pa á tì. Ó yẹ kó rán wa létí pé bí a bá kúrò lójú ọ̀nà kan tí gbogbo wa tún rọ́ lọ sí ẹyọ kan mìíràn, orúkọ oníbodè nìkan la pààrọ̀.

Orin kan wà lára tiwa tó la ìdènà tó le ju gbogbo èyí kọjá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba kò kó ìlù dání. Igi ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́, awọ ẹran ibẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, tí wọ́n fi ní bàtá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní iyá, itótele àti okónkolo. Àyàn tó ń gbé inú ìlù náà, Añá ni wọ́n ń pè é títí dòní. Àwọn aláṣẹ gbẹ́sẹ̀ lé ìlù léraléra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fojú ọ̀daràn wo ẹni tó ń lù ú. Ṣùgbọ́n bàtá wà ní Havana, ó wà ní Matanzas, bí wọ́n ṣe ń lù ú ní ìlú kìíní yàtọ̀ sí ti èkejì, àwọn onílù ilé òrìṣà sì ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Cuba, kó àwọn onílù bàtá jáde sí gbangba ní Havana ní àwọn ọdún 1930, kí àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn náà lè gbọ́ ọ, ohun tí wọ́n lù jẹ́ ohun tó ti gba ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, nínú àgbàlá púpọ̀ tí kò sí ọlọ́pàá tó mọ iye wọn.